Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Fi Wọn Agbè

Ogójì owó ẹyọ ni mò ń ta abẹ́rẹ́ kan lọ́dún tí Ìyá Àgbà kú. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ó wọ́n, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí èyí tó dínwó. Ogun ti dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, abẹ́rẹ́ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan fi lè kó ogún abẹ́rẹ́ sínú irun orí kọjá lójú oníbodè. Bí mo ṣe ń kó o kọjá kọ́ nìyẹn o. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe.

Ìyá Àgbà nìkan lẹni tí mo mọ̀ tí kì í bi mí ní iye tí abẹ́rẹ́ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó o wá sí abà wa láti Ìbàdàn, wọ́n gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n di ojú kan, wọ́n sì fi ìkejì wo inú ihò rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná.

"Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé kí wọ́n dá ihò sí irin tó tín-ín-rín tó báyìí lára?" ni wọ́n ní. "Kí ló sì dé tó jẹ́ ìdí ló dá a sí, tí kò dá a sí àárín?"

Mo ní, "Ìyá, ogójì ni. Ṣé ẹ máa rà á ni àbí ẹ ò ní í rà á?"

Wọ́n dá a padà fún mi. "Ìwọ mọ iye tó jẹ́. O ò tíì mọ ohun tó jẹ́."

Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ fi mọ́ra. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ ni mo dé, ọjà ló pè mí padà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sin Ìyá Àgbà ni àwọn èèyàn ti ń wá sí ìsọ̀ mi láti wá sọ irú ẹni tí ìyá náà jẹ́ fún mi, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ń sùn ní ẹsẹ̀ wọn láti kékeré. Ẹnìkan ní àjẹ́ ni wọ́n. Ẹnìkan ní orí wọn ò pé. Òmíràn ní wọ́n gbọ́n ju Baálẹ̀ wa lọ, èyí ò sì ṣòro. Ni mo bá ní kí n kọ ohun tí mo fojú ara mi rí sílẹ̀, kí n lè ráyè ta ọjà mi.

Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Abà wa wà lẹ́bàá Àkànrán, láàárín ọ̀pẹ, epo pupa la sì fi ń jẹun. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀, ẹnu wọn sì yá ju ẹsẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè wọn kí ẹ tó rí orí wọn. "Kí ló fà á?" Wọ́n bi ọdẹ, wọ́n bi alágbẹ̀dẹ, wọ́n bi ẹni tí eyín ń dùn. Ẹni tó bá dá wọn lóhùn pé bí a ṣe bá a láyé nìyẹn, wọ́n á ní kó máa lọ, kó lọ sinmi.

Wọ́n fi ìbéèrè lé ọkọ àfẹ́sọ́nà mi lọ. Ọmọkùnrin náà wá kí wọn láàárọ̀ láti Adégbáyì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ rẹ̀ ń dán. Wọ́n ní kó dìde, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Òjìji rẹ gùn báyìí. Lọ́sàn-án, kò ní ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Bí wọ́n bá ní kí o mú ọ̀kan fún wa nínú méjèèjì pé òun ni ìwọ, èwo lo máa mú?" Ọmọ ọlọ́mọ wo òjìji, ó wo wọ́n, ó wò mí. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sílé. N kò tún fojú kàn án mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo bínú, tí mo ní n kò jẹun, wọ́n gbé oúnjẹ náà síwájú ara wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ. "Ẹni tí òjìji ara rẹ̀ lé sá," ni wọ́n ní, "irú ọkọ wo ló fẹ́ ṣe?"

Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kà, àfi èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ nílé wa, ebi sì ń mú ẹni tí a bá gbàgbé. Tí oúnjẹ bá jinná, wọ́n á ki ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, wọ́n á sì ju èkùrọ́ kan sínú igbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka èkùrọ́, wọ́n á sì mọ ẹ̀kọ mélòó ni kí wọ́n pín. Ọjọ́ kan, Ìyá Fátólú, ìyàwó àgbà Baálẹ̀, rí wọn, ó ní wọ́n ti ń ka ọmọ. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èkùrọ́ ni mo kà. Bí èkùrọ́ kan bá kú, kí ẹ wá mú mi."

Ìjà wọn pẹ̀lú Ààfáà Súlè ni mo fẹ́ràn jù. Ààfáà ni aládùúgbò wa, òun ló máa ń pín ogún fún àwọn mùsùlùmí káàkiri àwọn abà, ó sì mọ̀ ọ́n pín débi pé bí adìyẹ kan bá ṣẹ́kù fún ọmọ mẹ́ta àti opó kan, olúkúlùkù á gba tirẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò jà. Ìyá Àgbà bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Wọn ò sì jẹ́ kó sinmi.

"Ààfáà, òǹkà yín yẹn, ṣé ó lópin?"

"Ìyá, Ọlọ́run nìkan ni kò lópin."

"Mo gbà. Ẹ wá dárúkọ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú òǹkà fún mi. Tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ tán, tí mo wá fi ẹyọ kan lé e, ṣé Ọlọ́run á gbá mi létí?"

Ààfáà kó tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó lọ sílé. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wá, ó sì jókòó kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìyá, mo ti rò ó. Ẹ lè máa fi kan lé e. Ṣùgbọ́n ẹ óò kú kí ẹ tó kà á tán, nítorí náà ó lópin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi fún un. "Èmi ló lópin nígbà náà, Ààfáà. Òǹkà ṣì wà lójú ọ̀nà tirẹ̀."

Ẹ má rò pé ẹnu nìkan ni wọ́n ní. Ẹkù kan ṣoṣo la ní, ihò ńlá tí a fi amọ̀ rẹ́ tí a ti ń gún ẹyìn láti fún epo, ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sì pọ̀ ju epo lọ. Oòrùn la fi ń pín àsìkò. Tí òjò bá ṣú, tí oòrùn ò yọ, ẹni tó bá ti wọnú ẹkù á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. Ìyá Àgbà mú igbá kékeré kan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dá ihò sí ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí omi nínú ìkòkò. Omi á máa yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá rì, àsìkò rẹ pé, jáde. Ìjà dáwọ́ dúró, àfi lọ́jọ́ tí igbá kọ̀ tí kò rì títí Ìyá Fátólú fi fún epo ẹyìn agbọ̀n mẹ́ta. Ìyá Àgbà yí igbá dà, wọ́n fi èékánná họ ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ ló jábọ́ níhò. Ìyá Fátólú ní bóyá igbá ni ebi ń pa. Wọ́n ní, "Igbá kì í ṣojúsàájú. Ẹni tó bọ́ ọ ló ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ agbè ni gbogbo ayé ń bi mí léèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Inú ìkòkò ńlá kan ni àwọn obìnrin abà wa ń da epo wọn pọ̀ sí, oníbàárà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tà á fún: Lásùn, ọmọ-ẹ̀yìn ológun kan ní Ìbàdàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni ìkòkò náà wà. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyàwó àbúrò bàbá mi. Ogun ló kó o wá láti ìhà Èkìtì. Kò ní ìyá, kò ní ẹ̀gbọ́n tó lè bá a rojọ́. Nítorí ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ ọkọ, Eyínfúnjowó ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ eyín mi ò funfun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sí níta, ìyẹn ni wọ́n fi fún un ní ìkòkò ṣọ́.

Agbè tí a fi ń wọn epo tẹ́lẹ̀, irínwó owó ni ẹ̀kún rẹ̀ kan. Ìkòkò wa ń fún wa ní agbè mẹ́wàá, ẹgbàajì owó sì ń wọlé lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan, Lásùn gbé agbè tuntun wá. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ kéré jù, àwọn aláàárù òun ń kùn. Ó ní kí a sọ iye tí a máa tà á. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ni okùn ìwọ̀n wọn, ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi bí èkùrọ́, tí ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Òun ni wọ́n fi ń wọn ẹnu ìkòkò, òun ni wọ́n fi ń wọn àyà ewúrẹ́ kí wọ́n tó rà á. Wọ́n fi yí ikùn agbè àtijọ́ ká: ogójì ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fi yí ikùn tuntun ká: àádọ́ta. Ìrísí kan náà ni àwọn méjèèjì, bí ìyá àti ọmọ.

"Ogójì ìlẹ̀kẹ̀, irínwó owó," ni wọ́n ní. "Àádọ́ta ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

Ó yé gbogbo wa. Ó yé Lásùn pàápàá, ó tilẹ̀ yára yé e. A la agbè àtijọ́ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn bí a ti ń ṣe, nítorí òṣùwọ̀n méjì kì í gbé ọjà kan. Ìyá Àgbà ṣírò pé ìkòkò tó ń fún wa ní mẹ́wàá àtijọ́ yóò fún wa ní mẹ́jọ tuntun, ẹgbàajì náà ni yóò sì wọlé.

Lọ́jọ́ ọjà, agbè márùn-ún ló kún. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò kò ju ohun tí a fi se ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ owó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ní bóyá ẹyìn ò lépo. Ọjà kejì, bákan náà. Ọjà kẹta, àwọn obìnrin ti ń wo ara wọn lójú. Ìyá Fátólú ló kọ́kọ́ là á sọ. Ó ní, "Epo ò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń sùn tì í ló mọ ibi tó gbà."

Nígbà tó fi di ọjà keje, Àbẹ̀kẹ́ kò jẹun dáadáa mọ́. Ó fi gbogbo ohun tí a fi ń búra búra pé òun ò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ọ̀dájú ni. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Lásùn wà níbẹ̀, ó ń tayín.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Ọ̀kẹ́ márùn-ún owó ni n ó san lórí rẹ̀. Epo yín á padà, èrè á sì wà lórí rẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: títà ni wọ́n fẹ́ tà á sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ibi tí ẹni tó bá lọ kì í ti í ránṣẹ́ sílé. Àbúrò bàbá mi, ọkọ rẹ̀, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Baálẹ̀, ẹ fún mi di ọjà tó ń bọ̀." Baálẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n tí ọjà yẹn bá kọjá, kí wọ́n má tún bẹ òun.

Nígbà tí ìkòkò kún, Ìyá Àgbà fi èédú fa ìlà sínú ọrùn rẹ̀ níbi tí epo dé, wọ́n sì ku eérú yí ìdí rẹ̀ ká. Láràárọ̀ ni wọ́n ń lọ wò ó. Epo kò kúrò lójú ìlà. Ẹsẹ̀ adìyẹ nìkan ló wà nínú eérú.

"Kò dín nígbà tó jókòó," ni wọ́n ń sọ fún ara wọn. "Ọjọ́ tí a bá ń wọ̀n ọ́n ló ń dín."

Ìyá Fátólú gbọ́, ó ní àjẹ́ ni, ó ti yé òun. Wọ́n ní, "Àjẹ́ tó ń dúró de oníbàárà kó tó mu epo? Ẹ jẹ́ ká yára fi í jẹ ìyálọ́jà."

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la, Àbẹ̀kẹ́ ń gé iṣu fún àsáró, èmi ń tan iná. Bó ṣe máa ń gé e ni, ègé onígun mẹ́rin tó dọ́gba níhà gbogbo, kódà pẹ̀lú omijé lójú. Ìyá Àgbà ń wò ó. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú ègé kan. Wá kó àwọn tó kù jọ, kí o fi wọ́n kọ́ òmíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ nu ojú, ó to ègé méjì tira wọn.

"Ó gùn, kò fẹ̀. Kò jọ ọ́."

Ó to méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó fẹ̀, kò ga. Àkàrà pẹlẹbẹ lèyí."

Ó to mẹ́rin lé e lórí. Nígbà tó wá gùn ní méjì, tó fẹ̀ ní méjì, tó ga ní méjì, ègé mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Mo ní kí ni ìyẹn kàn wá, omi ti ń hó. Ìyá Àgbà kò gbọ́ mi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí Àbẹ̀kẹ́ kọ́ èyí tó jẹ́ mẹ́rin níhà gbogbo, nítorí ogójì ìlẹ̀kẹ̀, kó sì kọ́ èyí tó jẹ́ márùn-ún níhà gbogbo, nítorí àádọ́ta. Iṣu inú agbọ̀n tán, wọ́n ní kí n lọ gbé ti inú àká wá. Àwọn ọmọdé yí wa ká, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń wo ilé iṣu tó ń ga. Àbẹ̀kẹ́ ka èyí kékeré: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ka ńlá: márùndínláàádóje. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kékeré lọ́nà méjì.

Ìyá Àgbà dojú kọ Àbẹ̀kẹ́. "Ìlẹ̀kẹ̀ mi yí ara agbè ká ni. Kò wọ inú rẹ̀. Agbè Lásùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ti àtijọ́ lọ́nà méjì, ọgọ́rùn-ún owó péré ni mo sì fi kún owó rẹ̀." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Èmi ni mo kó epo náà lọ, ọmọ mi. Dákẹ́."

Mo rò pé Àbẹ̀kẹ́ á bú sẹ́kún. Ègé iṣu kan ló mú, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ìyá, tó bá jẹ́ mẹ́fà níhà gbogbo ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abà pé síwájú Baálẹ̀. Ìyá Àgbà sọ ọ́ bó ṣe rí. Ààfáà Súlè ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n iṣu yín ní igun, agbè sì rí roboto." Wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n tú ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń wọn gbogbo agbè tí wọ́n bá rí kiri, títí wọ́n fi kan agbè tí Ààfáà fi ń ṣe àlùwàlá. Ogójì géérégé. Wọ́n fi omi kún un, wọ́n dà á sínú agbè Lásùn. Ó gbé e mì. Wọ́n tún fi omi kún un. Ó tún gbé e mì, díẹ̀ péré ló ṣẹ́kù. Ìyá Fátólú wo Àbẹ̀kẹ́, ó sì wo ibòmíràn.

Lásùn nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ló fi ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀n ọ́n? Ta ló dárúkọ owó? Mo dúnàá dúrà bí?"

"O ò dúnàá dúrà," ni wọ́n ní. "Ìyẹn ló yẹ kó ti ta mí lólobó."

Baálẹ̀ kò fẹ́ kí ojú ti Ìyá Àgbà. Ó fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí èmi dúró sí. Ó ní kí wọ́n kúkú sọ pé Lásùn fi oògùn sí agbè náà. Gbogbo èèyàn á gbà, Àbẹ̀kẹ́ á bọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé Ìyá Àgbà ṣìṣe. Wọ́n mi orí. "Bí mo bá ní oògùn ni, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni ẹ óò fi wọn òmíràn lẹ́yìn tí mo bá kú. Ẹlòmíràn ni ẹ óò sì tà."

Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ kò lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ̀rin ó dín ogún ni Lásùn ń san lórí agbè kan, ó ń kùn, ó ń san. Àbẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀n ọ́n fún un títí di òní, wọ́n sì ní kò sí agbè tó lè tàn án jẹ.

Ṣùgbọ́n owó ọjà méje ti lọ, Lásùn ò sì ní í dá a padà. Ìyá Àgbà ní àwọn ló gbé e sọnù, àwọn ló máa san án. Ewúrẹ́ méjì ni wọ́n tà, wọ́n sì kó owó tí wọ́n ti ń tù jọ fún aṣọ ìsìnkú wọn mọ́ ọn. Kíjìpá tí wọ́n fi ń lọ sóko la padà fi sin wọ́n. Wọ́n da owó sórí ẹní, wọ́n ní kí olúkúlùkù obìnrin wá gba tirẹ̀. Mo rò pé ojú á ti ẹnìkan, pé á ní kí wọ́n máa mú un lọ. Ìyá Fátólú ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Gbogbo wọn ló gbà, wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú wọn.

Nígbà tí ẹní ṣófo, mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n. Wọ́n ní ó dùn wọ́n, àwọn kì í ṣe òkúta. Wọ́n ká ẹní, wọ́n gbá ibẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí ó wà nínú agbè," ni wọ́n ní. "Ẹni tó bá bi ọ́ ní iye tí mo rà á, sọ fún un: ẹgbàárùn-ún owó, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."